Lẹ́ǹsì Tuntun Àǹtí Fọ́tò

Orí ènìyàn ni Àǹtí Fọ́tò fi ń jẹun. Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: orí inú pásípọ́ọ̀tù ni mo ń wí, orí inú káàdì ìdánimọ̀, orí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ṣèdánwò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe àti ti ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé. Yàrá tóóró kan ni. Aṣọ funfun kan so mọ́ ògiri ẹ̀yìn, àpótí ìjókòó kan wà níwájú aṣọ náà, iná méjì sì dojú kọ àpótí yẹn lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá wọlé á jókòó, Àǹtí Fọ́tò á ní kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀, kó ṣí fìlà, kó má rẹ́rìn-ín, ó parí nìyẹn. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lára débi pé ó lè máa bá ìyá rẹ̀ jiyàn lórí fóònù kó sì máa ya ènìyàn lọ́wọ́ kan náà, àwòrán náà kò sì ní wọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ọkọ yìí ló fún ara rẹ̀ lórúkọ Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀. Ó kọ ọ́ sára ọkọ̀, ó kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì yá, àwọn ènìyàn gbà fún un, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé nídìí kámẹ́rà. Bí wọ́n bá lọ ya ìgbéyàwó, Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ a gbé kámẹ́rà, ìyàwó rẹ̀ a gbé aṣọ fàdákà, ìyẹn aṣọ roboto kan tó ń dán bíi dígí, tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni tí wọ́n ń yà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé aṣọ yìí. Apá a máa ro ó, oòrùn a máa ta á lójú, orúkọ rẹ̀ kì í sì í sí lẹ́yìn àwòrán kankan. Ìgbà tó wá sọ pé òun náà fẹ́ máa ya àwòrán níta, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni yóò wá gbé aṣọ?

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan kọ́ ló tú ilé wọn ká, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pínyà, kò sí ariwo, wọn kò sì pe ara wọn lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti wọ ilé ìwé gíga, ó ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ kó àwọn kámẹ́rà ńlá àti lẹ́ǹsì wọn lọ. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ó fi iná méjì sílẹ̀, ó sì fi kámẹ́rà kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì kan tó jẹ́ pé orí nìkan ló mọ̀ ọ́n yà sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní ó ṣeun tó lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Ìyá obìnrin náà ní, “Ó ṣeun lóòótọ́. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹran inú ọbẹ̀ lọ, tó wá fi ìkòkò sílẹ̀ fúnni, ṣebí ìkòkò náà kì í ṣe nǹkan kékeré.”

Ohun tó mú Àǹtí Fọ́tò ra lẹ́ǹsì tuntun kò ju pé orí sú u lọ. Ó ti ya gbogbo ọmọ ilé ìwé kan tán lọ́jọ́ kan, ó tilẹ̀kùn, ó di ojú, iwájú orí lásán ló ń rí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ ra bébà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún àwọn onífọ́tò, ó sì rí lẹ́ǹsì náà nínú àpótí onígíláàsì. Ó kúrú, ó wúwo, gíláàsì iwájú rẹ̀ yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ọkùnrin tó ń tajà náà ní lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀ ni. Ènìyàn lè dúró sí igun yàrá kan kó fi ya gbogbo yàrá náà láìṣẹ́ku. Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò wúlò fún pásípọ́ọ̀tù rárá. Àǹtí Fọ́tò ní ohun tí òun ṣe fẹ́ rà á gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn tó fi ń pàṣẹ fún àwọn aláìsàn kò sì bá a fẹ̀yìn tì. Ó gba lẹ́ǹsì náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó gbé e sókè bí ẹni ń wo oògùn inú ìgò.

Ó béèrè pé, “Ta lo fẹ́ fi eléyìí yà?”

Ọmọ rẹ̀ ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni òun fẹ́ fi yà, bó bá ń wọ̀ lẹ́yìn adágún.

“Ó dáa. Ṣé oòrùn náà ló máa wá gba fọ́tò ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù?”

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìyá yìí ló kọ́kọ́ wọ bàtà. Ó ní ibẹ̀ dá jù fún obìnrin kan ṣoṣo, àfi kí òun bá a lọ. Ó gbé àga tó ṣeé ká sí apá, ó sì mú sálúbàtà rẹ̀ kan tó fẹ̀ dání, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú bó bá rìn.

Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ omi ni adágún náà wà, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí. Wọ́n gun òkè kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Àǹtí Fọ́tò na ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta igi kámẹ́rà, ìyá rẹ̀ tẹ́ àga. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó tóbi, ó pọ́n, ó gba ojú ọ̀run kan. Àǹtí Fọ́tò yà á, ó tún un yà, ó ń rò ó lọ́kàn pé irú èyí rọrùn ju orí lọ, nítorí oòrùn kì í ṣẹ́jú.

Wọ́n délé, ó gbé àwòrán sórí kọ̀ǹpútà. Oòrùn tó gba ojú ọ̀run kan lójú rẹ̀ kò ju orí píìnì lọ. Òkè tó wà ní òdìkejì omi ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ọ̀run pọ̀ jaburata, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹsẹ̀ kan nínú ẹsẹ̀ igi kámẹ́rà ti wọ inú àwòrán. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú sálúbàtà, ó tóbi, ó hàn kedere, àní èékánná gan-an ṣeé kà.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, “Ká má purọ́, ẹsẹ̀ mi nìkan ló jọ nǹkan níbẹ̀.”

Àǹtí Fọ́tò rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa kọ̀ǹpútà. Ó jókòó tì í pẹ́. Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Ẹsẹ̀ yẹn súnmọ́ lẹ́ǹsì, ìdí nìyẹn tó fi jọ nǹkan. Lẹ́ǹsì olójú fífẹ̀ a máa gbé ohun tó bá wà nítòsí ga, a sì máa lé ohun tó bá jìnnà lọ sí ọ̀nà jíjìn réré. Ẹni tó bá gbé e lọ sórí òkè, tí kò ní nǹkan kan níwájú ju afẹ́fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ náà ni yóò gbé bọ̀. Ó yé e pé kì í ṣe orí òkè ló yẹ kí òun dúró sí bí kò ṣe ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta wà létí omi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ó dá ní ìrọ̀lẹ́, àwọsánmà wá fàya sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Àǹtí Fọ́tò bá ìyá rẹ̀ tẹ́ àga sórí òkúta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kó ẹsẹ̀ sọ́dọ̀. Òun fúnra rẹ̀ tẹ igi kámẹ́rà mọ́lẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì dojú lẹ́ǹsì kọ òkúta kan tí ewédò bò. Bó ti fi ojú sí i báyìí, ó rí i pé òkúta náà ti di ńlá bí ẹ̀yìn ẹranko tó sùn, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ síbi òkè ọ̀hún, ọ̀run sì bo gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń wá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Oòrùn ṣì ga díẹ̀ lókè orí òkè. Ó jókòó dè é.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn ènìyàn lẹ́yìn. Ìyàwó tuntun kan ń bọ̀ nínú aṣọ funfun gbọọrọ, ó ká etí aṣọ náà lé apá. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ó gbé bàtà rẹ̀ dání. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, kámẹ́rà lọ́rùn, àpò léjìká.

Ó ti pẹ́ tí òun àti Àǹtí Fọ́tò ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í gùn. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ dúró, ó wo igi kámẹ́rà tó wà nílẹ̀, ó wo lẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó jókòó lórí àga. Ó tẹ̀ba kí i, ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà.

“Bàbá ọmọ wa,” ni ìyá náà dáhùn, “ṣé àlàáfíà lo wà?” Kò dúró gbọ́ èsì, ó ti kọjú sí omi.

Ìyàwó tuntun náà kí gbogbo wọn, ó sì ń ṣàlàyé fúnra rẹ̀ bí ẹni pé ó já wọ ilé onílé. Ó ní ibí yìí gan-an ni ọkọ òun ti dẹnu ìgbéyàwó kọ òun, irú àkókò yìí náà sì ni, àwọn àlejò ti wà ní gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n òun ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwòrán yìí lòun fẹ́ ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ tò wọ́n sórí òkúta. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn gẹ́gẹ́ bí àwọn onífọ́tò ṣe máa ń ṣe. Ó tẹ òkúta tí ewédò bò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fi ìdí gbálẹ̀, kámẹ́rà sì fi ojú gbá òkúta.

Nǹkan kan kò ṣe é ju pé ṣòkòtò rẹ̀ tutù lọ. Kámẹ́rà náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gíláàsì lẹ́ǹsì ti sán káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Ó gbìyànjú láti yí i, kò yí. Ó yẹ àpò wò, bátìrì àti aṣọ fàdákà nìkan ló wà níbẹ̀. Àpò lẹ́ǹsì wà ní gbọ̀ngàn. Kó tó lọ kó tó dé, ilẹ̀ yóò ti ṣú. Ìyàwó tuntun kàn ń wo oòrùn.

Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ wá sọ́dọ̀ Àǹtí Fọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Lẹ́ǹsì yẹn á wọ kámẹ́rà mi,” ni ó wí. “Jọ̀wọ́, yá mi. Kò ní pẹ́.”

Àǹtí Fọ́tò wo lẹ́ǹsì náà. Bí òun bá yọ lẹ́ǹsì fún un, ọwọ́ òun yóò ṣófo, aṣọ fàdákà sì wà nínú àpò tí yóò nílò ẹni tí yóò gbé e. Ó mọ ẹni tí ojú yóò yí sí. Bí òun bá sì kọ̀ jálẹ̀, ìyàwó tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ó ní, “N kò ní yá ọ. Ṣùgbọ́n màá yà wọ́n.”

Ní gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ọkọ, “ẹ” ló ń pe ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n pínyà, ó máa ń yí gbólóhùn ká lórí fóònù kó má baà sí “ẹ” kó má sì sí “o” níbẹ̀. “Ọ” yìí jáde láìjẹ́ pé ó pète rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, ó yí ọrùn díẹ̀. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Ìyàwó tuntun dá sí i. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni ni kó yà wọ́n, oòrùn ń lọ.

Ni Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ bá dìde. Ó ti kámẹ́rà rẹ̀ bọ àpò, ó fa aṣọ fàdákà yọ, ó jù ú sílẹ̀, aṣọ náà sì là gbàgà.

Ó béèrè pé, “Ibo ni kí n dúró?”

Àǹtí Fọ́tò nawọ́ sí apá òsì fún un. Ó ní kó lọ sẹ́yìn díẹ̀, kó sọ aṣọ náà kalẹ̀ sí ìbàdí. Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí Fọ́tò kò tíì fi lẹ́ǹsì yìí ya ènìyàn rí, àwòrán àkọ́kọ́ sì fi hàn án: ọkọ ìyàwó tó wà létí àwòrán, orí rẹ̀ gùn bí ìbẹ́pẹ, apá rẹ̀ rí bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ó pa á rẹ́ kí wọ́n tó béèrè láti rí i. Ó kó àwọn méjèèjì sí àárín gbùngbùn, ó tẹ́ etí aṣọ funfun náà síwájú lórí òkúta, òun fúnra rẹ̀ sì súnmọ́ wọn títí tó fi dojúbolẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ wọn, ikùn lórí òkúta tútù. Láti ibẹ̀, oòrùn wà láàárín èjìká ọkọ àti èjìká ìyàwó.

Ọwọ́ Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ti ń gbọ̀n, aṣọ fàdákà sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sá kiri lójú àwọn tọkọtìyàwó.

“Gbé e dáadáa,” ni ìyá náà wí láti orí àga. “Ọmọ mi kì í jẹ́ kó gbọ̀n.”

Aṣọ náà dúró. Àǹtí Fọ́tò fi ojú sí kámẹ́rà, ahọ́n rẹ̀ sì sọ ohun tó máa ń sọ lójoojúmọ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì: “Ẹ rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.”

Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ. Ẹ̀rín tí wọ́n ti ń pa mọ́ra láti òwúrọ̀ nínú aṣọ tó fún mọ́ wọn lára tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó di ọkọ mú kó má baà ṣubú, Àǹtí Fọ́tò sì tẹ bọ́tìnnì. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti rí i. Ó tún ya mélòó kan sí i nítorí kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òkè gbé oòrùn mì.

Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ní òun yóò wá gba àwòrán náà ní ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Fọ́tò ní kò ní ṣe wàhálà, òun yóò fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín fúnra wọn, ìyàwó tuntun sì ti ń pe nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà ká aṣọ fàdákà. Ó fọwọ́ ra èjìká.

“Aṣọ yìí wúwo,” ni ó wí.

“Ó wúwo,” ni Àǹtí Fọ́tò dáhùn.

Wọ́n kí ìyá, wọ́n lọ. Àwọn àlejò ń dúró ní gbọ̀ngàn, àti pé bí Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí oòrùn bá ti wọ̀, ó ti parí, kíá ni yóò kẹ́rù sínú ọkọ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, inú ọkọ̀ ni Àǹtí Fọ́tò máa ń wà ní irú àkókò yìí, ó ń ká wáyà, kò sì wo ìta.

Òun náà ti ń tú igi kámẹ́rà. Ẹ̀fọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìyá rẹ̀ ti ń na ara. Ìyá náà ló tún jókòó padà. Ó ní kó wo ojú ọ̀run.

Oòrùn kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ sí ìsàlẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ àwọsánmà. Àwọsánmà tó fàya wẹ́wẹ́ náà gbiná lábẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọ́n bí epo, ó dà bí osùn, ó wá ń di àlùkò lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣú bọ̀. Omi gba gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀kan sí. Àǹtí Fọ́tò padà sídìí òkúta rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ń yà, ó ń dúró, ó ń yà. Àwọ̀ náà kò dúró sójú kan, ó ń yí, ó ń ṣá. Nígbà tí kò ríran rí ojú òkúta mọ́, ó gbé kámẹ́rà sọ́rùn, ó di ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n ń tẹ̀ jẹ́jẹ́jẹ́ lọ sí ojú ọ̀nà.

Nínú gbogbo èyí tó yà lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ẹyọ kan ló dára. Àwọn yòókù ṣókùnkùn tàbí kí wọ́n wọ́. Ẹyọ kan yẹn ló tẹ̀ jáde ní ńlá, ó fi sínú férémù, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí àpótí ìjókòó, níbi tí ẹni tí wọ́n bá ń yà yóò máa wò.

Ọ̀gá Ìmọ́lẹ̀ pè é lórí fóònù ní ìparí oṣù. Ó ní àwọn tó rí àwòrán ẹ̀rín yẹn ń béèrè ẹni tó yà á, òun sì ti sọ òótọ́ fún wọn. Ó ní bóyá kí àwọn jọ máa lọ síta padà, kí àwọn pín in: bí òun bá ya ìdajì, kí Àǹtí Fọ́tò ya ìdajì. Àǹtí Fọ́tò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tọkàntọkàn ló sì fi dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní lè ṣe é. Ọkùnrin náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó béèrè orúkọ lẹ́ǹsì náà, Àǹtí Fọ́tò sọ ọ́ fún un, ó tún sọ ibi tó ti rà á. Ìyá rẹ̀ ní ó yẹ kó pa á mọ́ sínú.

Ó ní, “Mọ́mì, lẹ́ǹsì kì í ṣe oògùn.”

Ó ṣì ń ya orí títí di òní. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ń lọ sétí omi, bí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ bá sì gbà, àwọn méjèèjì ni. Èyí tó ń bàjẹ́ nínú àwòrán ibẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń dára lọ. Nígbà mìíràn òjò a lé wọn, nígbà mìíràn àwọsánmà a bo gbogbo rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, wọn a sì jókòó jẹ ẹ̀pà tán kí wọ́n tó padà.

Tọkọtìyàwó ọjọ́sí wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Wọ́n fẹ́ rìnrìn àjò, wọ́n nílò pásípọ́ọ̀tù. Bí ọkọ ti jókòó sórí àpótí ló rí àwòrán ńlá tó wà lójú ògiri. Ó wò ó, ó dìde kúrò lórí àpótí, ó lọ súnmọ́ ọn. Ó béèrè ibi tí ìyẹn wà.

“Etí omi níbi tí mo ti yà yín,” ni Àǹtí Fọ́tò wí. “Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni.”

Ọkùnrin náà fi ojú wá inú àwòrán náà láti òkúta dé orí òkè.

“Àwa ńkọ́?”

“Ẹ ti lọ.”

Ó tan iná méjèèjì, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni yóò kọ́kọ́ jókòó.